Orí Keje: Ìtàn Tí Bàbá Gé Kúrú

Oòrùn ló jí mi, kì í ṣe ọkọ mi. Mo na ọwọ́ sí ẹ̀gbẹ́ mi, irin tútù ni ọwọ́ mi bà. Mo ní, "Ikúmápàyí, o ti dìde ni?" Mo jókòó, mo nu ojú mi. Ẹní rẹ̀ ti lọ. Àpótí irúgbìn mẹ́rìnlélógún tí a tò sí ìdí òpó lánàá ti lọ. Okùn tí a fi so ọkọ̀ ti lọ. Wọ́n fi kẹ́ẹ̀gì omi kan sílẹ̀ fún mi, pẹ̀lú ẹja gbígbẹ díẹ̀ nínú ọ̀rá. Ìbora tí èmi àti ọkọ mi jọ ń bò, ó ti fi bò mí títí dé ọrùn, ó tilẹ̀ ki etí rẹ̀ bọ abẹ́ mi kí atẹ́gùn má baà gbé e lọ. Ìbora yẹn ló dùn mí jù lọ.

Mo sáré dé etí pèpéle. Òkun lọ salalu, kò sí ọkọ̀ kankan lórí rẹ̀. Ibi tí mo wà yìí, àwọn ará àtijọ́ ló gbé e lé ẹsẹ̀ irin mẹ́rin láàárín òkun láti máa fi fa epo. Nígbà tí epo tán, wọ́n fi í sílẹ̀ fún ìpẹtà àti ẹyẹ. Gbogbo ọkọ̀ Ìlúléfòó, ìlú wa, tó bá ti Èkó Ìsàlẹ̀-Omi bọ̀ ló máa ń sinmi níbẹ̀ kó tó forí lé ilé.

"Yéè! Ikúmápàyí! Ẹ̀yin ọmọ ọkọ̀! Ẹ gbàgbé mi o!"

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́. Ẹnu mi ló ń pè é ní ìgbàgbé, inú mi ti mọ̀. Èmi Ìbíyẹmí, onítàn ọkọ̀, tí mo ti kọ ìtàn yìí nígbà mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, tí mo fi obìnrin sílẹ̀ lórí erékùṣù nígbà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, èmi ni mo wá sùn fọnfọn bí ọmọ ọwọ́. Ìwé kíkà ò ní kéèyàn má ya òmùgọ̀.

"Pariwo dáadáa," ohùn kan sọ lẹ́yìn mi. "Èmi fi ọjọ́ mẹ́ta gbáko pariwo tèmi."

Mo yí padà, díẹ̀ ló kù kí n já sómi. Obìnrin kan ló dúró sẹ́nu àtẹ̀gùn tó ti ìsàlẹ̀ wá. Orí rẹ̀ funfun báláú, aṣọ ọkọ̀ gbígbó ló ró mọ́dìí. Mo mọ ojú yẹn. Àwòrán rẹ̀ wà lára ògiri Ilé Ìtàn wa, abẹ́ rẹ̀ gan-an ni mo jókòó sí kọ́ ìwé.

"Ẹ̀gbọ́n Ṣàánúmi? Wọ́n ní Màlúù ti pa yín ní Èkó Ìsàlẹ̀-Omi!"

"Ọdún wo ni wọ́n ní ó pa mí?"

"Ó pé ọdún mọ́kànlá. Ọdọọdún la máa ń da òdòdó sómi nítorí yín."

"Òdòdó!" Ó bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ ò bá ti da gaàrí, bóyá ìgbì á gbé e dé ọ̀dọ̀ mi."

Mo bi í pé kí ló dé tí ọkọ̀ ń sinmi níbẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kì í rí i. Ó ní bó bá ti gbọ́ ìró ọkọ̀, inú ẹsẹ̀ irin nísàlẹ̀ ló ń sá wọ̀. Ó ní ẹni tó fi èèyàn sílẹ̀ kó kú, tó bá rí i pé kò kú, á fẹ́ parí iṣẹ́ rẹ̀. Ó ní nígbà tó rí i lóru pé wọ́n ń tu okùn wọ́ọ́rọ́wọ́, ó ti mọ ohun tí wọ́n ń ṣe, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ò jẹ́ kó lè jáde. Ó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ mi.

"Ìtàn wo lo kọ fún wọn lọ́tẹ̀ yìí?" ó bi mí.

"Ti Tésíúsì. Ilé tí ẹni tó bá wọ̀ ọ́ kì í mọ ọ̀nà àbájáde, màlúù tó wà nínú rẹ̀, àti Ariadínè tó fún Tésíúsì ní òwú."

"Òwú ni ọ̀nà."

"Òwú ni ọ̀nà, ẹ̀gbọ́n."

Àwa méjèèjì mi orí. Iṣẹ́ kan náà la jọ kọ́. Bàbá Ògúnfẹ́yìmí, tó jẹ́ olórí Ilé Ìtàn, tó tún jẹ́ bàbá ọkọ mi, máa ń sọ pé nígbà tí òkun gbé ilẹ̀ Ìlàjẹ mì, nǹkan mẹ́ta ló léfòó: èèyàn, igi, àti kọ̀ntéénà kan tó kún fún ìwé ìtàn òkun. Ọ̀tọ̀ ni ọkọ̀ tí oníkálukú àwọn òǹkọ̀wé yẹn kọ nípa rẹ̀, ọ̀tọ̀ ni ìjì, ṣùgbọ́n kò sí èyí tí kò yá ìtàn àwọn ará Gíríìkì àtijọ́ lò níbì kan. Àwọn baba ńlá wa kà á, kò sì sí ìwé ìtukọ̀ mìíràn lọ́wọ́ wọn, ni wọ́n bá sọ ọ́ di òfin. Àpáta méjì tí ń kọlura: rán ẹyẹ irin ṣáájú kí o tó kọjá. Àwọn obìnrin olórin inú òkun: dí etí ẹ̀rọ ọkọ̀, torí àwọn ará òkè, ọ̀tá wa tó ń gbé orí ilẹ̀ gbígbẹ, mọ bí a ti ń fi ohùn ìyá ẹni peni. Títí dòní, ọkọ̀ kan kì í gbéra ní Ìlúléfòó láìjẹ́ pé onítàn kọ ìtàn òkun tuntun fún un, kí ó sì fi ti Gíríìkì kan sínú rẹ̀. Inú ìyẹn la ń fi ọ̀nà pamọ́ sí. Bí ará òkè bá gba ọkọ̀ wa, ìtàn lásán ni wọ́n máa bá. Onítàn nìkan ló lè sọ ọ́ di ọ̀nà: ibi tí Tésíúsì bá ti sín, ẹ yà sí ọ̀tún lẹ́yìn ilé gíga kẹta, ibi tó bá ti mu omi, ẹ pa ẹ́ńjìnnì kí Màlúù, ọkọ̀ irin tí kò sẹ́ni nínú rẹ̀ tí ń ṣọ́ Èkó Ìsàlẹ̀-Omi, má baà gbọ́.

Ìtàn mi dára. A wọlé, a kó irúgbìn, a jáde, kò sẹ́ni tí Màlúù fara kàn.

Ẹ̀gbọ́n Ṣàánúmi ń wo ọrùn mi. "Ìlẹ̀kẹ̀ ohùn ṣì wà lọ́rùn rẹ."

"Wọ́n gbàgbé láti yọ ọ́."

"Wọ́n gbàgbé kẹ̀?" Ó ṣẹ́jú sí mi bí ìgbà tí olùkọ́ ń wo ọmọ tó gba òdo. "Wọn ò yọ tèmi náà. Ṣé ìgbàgbé nìyẹn lẹ́ẹ̀mejì?"

Ìgbà yẹn ni ìdí tí wọ́n fi fi í sílẹ̀ yé mi. Aṣọ ọkọ̀ wa, tó ń gba atẹ́gùn lórí òpó, ń pàwọ̀ dà. Dúdú ló máa ń gbéra nílé, dúdú ló sì máa ń bọ̀, títí ọkọ̀ á fi kù díẹ̀ kó dé ojú ilé ìṣọ́. Níbẹ̀ ni onítàn á ti sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo sínú ìlẹ̀kẹ̀: "Funfun." Aṣọ á funfun, ìlú á sì mọ̀ pé ọ̀gá ọkọ̀ wà láàyè. Ohùn ẹlòmíràn ò lè yí i, ìlẹ̀kẹ̀ náà kì í sì í ṣiṣẹ́ bí kò bá fara kan ọrùn ẹni tó ni ín. Bí ọkọ̀ bá dé ojú ilé ìṣọ́ ní dúdú, a jẹ́ pé ọ̀gá ọkọ̀ ti kú sí ìrìn-àjò. Òfin sì wà tí a fín sára ilẹ̀kùn ilé ìṣọ́, ọmọ ọdún mẹ́ta mọ̀ ọ́n lórí: Ẹni tó rán ọmọ sókun tí ọmọ ò bọ̀, kí ó lọ wá a. Àgbà tó rán ọkọ̀ náà á so òkúta mọ́ ìdí, á sọ̀ kalẹ̀ sínú omi kí ọkọ̀ tó kan èbúté. Ìṣẹ́jú yẹn náà ni ọkọ̀ tí ń wá òkú á gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn jáde, á máa tọ ipasẹ̀ ọkọ̀ náà padà láti ibùdó dé ibùdó. Àwọn tó wà nínú rẹ̀ ti búra: ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá bá lọ́nà, òkú ni o, ààyè ni o, wọ́n gbọ́dọ̀ gbé e délé lójú gbogbo ìlú. Kò sí ohun tó ń pè é padà, torí òfin ò gba kéèyàn sọ̀rọ̀ lórí afẹ́fẹ́.

Bàbá ló rán ọkọ̀ wa, ọkọ mi sì ni ọ̀gá rẹ̀. Mo bá ṣírò rẹ̀ lórí ìdúró. Tí mo bá sọ ọ́, Bàbá á yè, èmi á máa gbé pẹ̀lú ẹyẹ. Tí mi ò bá sọ ọ́, wọ́n á wá gbé mi lọ́túnla, Bàbá á sì ti lọ sísàlẹ̀ omi.

"Ẹ̀yin ńkọ́, ẹ̀gbọ́n? Ṣé ẹ sọ tiyín?"

"Mo sọ ọ́. Bàbá yìí kan náà ló rán wa. Mo ní bàbá arúgbó ni, kò mọ̀ sí ìwà àwọn ọmọkùnrin burúkú wọ̀nyí. Mo ní 'Funfun', mo sì jókòó síbí, mo ń retí pé tó bá gbọ́, á ní kí wọ́n padà wá gbé mi." Ó gbá eruku ìpẹtà kúrò lọ́wọ́. "Ìrètí yẹn ti pẹ́ díẹ̀."

Mo fi ìka te ìlẹ̀kẹ̀ náà. Ó máa ń gbé ohùn gba inú omi dé ìdí òpó ọkọ̀, a sì máa gbé ti ìdí òpó wá. Mo gbọ́ ìró aṣọ nínú atẹ́gùn, mo gbọ́ tí ẹnìkan ń fi igbá gbọ́n omi.

"Ikúmápàyí."

Igbá dúró.

"Ìbíyẹmí mi."

"Má pè mí ní tìẹ mọ́. Kí ni mo ṣe fún ọ?"

"O ò ṣe nǹkan kan. Ọ̀nà tó wà nínú orí rẹ ni. Àwọn ará Ìlú Ìdákọ̀ró, tí a jọ ń du irúgbìn, ti ń wá bí wọ́n ṣe máa jí ọ gbé. Bí wọ́n bá rí ọ mú, irúgbìn tó kù lọ́hùn-ún ti di tiwọn. Ẹgbẹ̀rún mẹ́sàn-án èèyàn ló ń jẹ ẹja lásán láàárọ̀ àti lálẹ́, Ìbíyẹmí. Ìwọ náà mọ̀."

"Ṣé o ò wá lè jí mi kí o sọ ọ́ lójú mi?"

"Bí mo bá jí ọ, mi ò ní lè lọ."

Ẹ gbọ́ ọkùnrin! Ó tún sọ ọ́ bí ẹni tí nǹkan ń dùn. Ọdún mẹ́fà ni mo fi jẹ́ aya rẹ̀. Èmi ni mo ń fi òróró pa ọwọ́ rẹ̀ nígbà tí iyọ̀ òkun bá là á.

"Ta ló ní kí o fi mí sílẹ̀?"

Mo tún gbọ́ igbá nínú omi.

"Mo ní ta ló rán ọ?"

"Bàbá ni," ó ní. "Bàbá ló ní kí a má ṣe jí ọ."

Irọ́ ni, mo sọ fún ara mi. Irọ́ ńlá. Bàbá ló gbé mi nínú ọkọ̀ tó dojú dé, tí ìyá àti bàbá mi bá lọ. Nígbà tí ojú ń dùn mí tí mi ò lè kàwé, ó yọ awò ojú rẹ̀ fún mi, òun alára fi oṣù mẹ́ta táràrà kiri Ilé Ìtàn. "Akọ̀wé mi" ló máa ń pè mí, kò pe ọmọ tó bí bẹ́ẹ̀ rí. Àárọ̀ tí a máa gbéra, òun fúnra rẹ̀ ló wá so ìlẹ̀kẹ̀ yìí mọ́ mi lọ́rùn. Ó so ó ní kókó méjì. Ó ní, "Má yọ ọ́ o, akọ̀wé mi. Bó ti wù kó rí, má yọ ọ́ lọ́rùn." Mo rò pé ìfẹ́ ló jẹ́ kó so ó le bẹ́ẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja bí ọkùnrin láti dúpẹ́, gbogbo èbúté rẹ́rìn-ín.

Bí ikú ilé ò bá pani, tòde ò lè pani. Mo ti ń sọ ọ́ láti kékeré, mi ò mọ̀ pé ìkìlọ̀ ni.

Nígbà tí mo gbójú sókè, ẹ̀gbọ́n Ṣàánúmi ti sọ̀ kalẹ̀, ó ti gòkè padà, ó gbé ìwé kan dání. Iyọ̀ ti jẹ etí rẹ̀. Ó ní inú ilé kan ní Èkó Ìsàlẹ̀-Omi lòun ti rí i, nígbà ìrìn-àjò òun tó kẹ́yìn.

"Báwo ni ìtàn Ariadínè ṣe parí, bí Bàbá ti fi kọ́ ọ?"

"Ó sùn sí erékùṣù. Tésíúsì tukọ̀ lọ sílé. Òkun ń kọrin fún obìnrin náà lójú oorun. Ó parí."

"Kà á níbí."

Mo kà á. Nínú ìwé náà, obìnrin yẹn jí. Ọlọ́run ọtí kan wá bá a, ó fi í ṣe aya. ("Èmi ti ń wo ọ̀nà rẹ̀ láti ọdún mọ́kànlá," ẹ̀gbọ́n Ṣàánúmi ní. "Omi òjò ni mo rí mu.") Ṣùgbọ́n ìtàn ò parí síbẹ̀. Tésíúsì àti bàbá rẹ̀ ti jọ ṣe àdéhùn pé bó bá yè bọ̀, kí ó ta aṣọ funfun sórí ọkọ̀ dípò dúdú. Ó dé tòsí ilé, ó gbàgbé. Bàbá rẹ̀ dúró sórí àpáta, ó rí aṣọ dúdú, ó bẹ́ sínú òkun. Wọ́n fi orúkọ bàbá náà pe òkun yẹn.

Mo ka ojú ìwé yẹn lẹ́ẹ̀mẹta. Láti kékeré ni mo ti ń bi Bàbá pé níbo ni òfin aṣọ dúdú ti wá, á ní àwọn baba ńlá ló ṣe é, kí n lọ bu omi wá. Ọwọ́ rẹ̀ ni ìwé inú kọ̀ntéénà wà. Òun ló gé ìtàn náà kúrú. Ó kọ́ wa ní obìnrin tó sùn, kò kọ́ wa ní bàbá tó bẹ́.

Mo tún te ìlẹ̀kẹ̀.

"Ikúmápàyí, ẹ ò tíì dé ojú ilé ìṣọ́. Yí ọkọ̀ padà. Ẹ wá gbé mi, ká jọ wọ ìlú, màá sọ ọ́ lójú gbogbo yín. Mi ò ní bá ẹnikẹ́ni jà. Mi ò tilẹ̀ ní kọ̀ ọ́."

Mo sọ bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Ẹ má fi mí ṣẹ̀sín.

"Àwọn ọmọ ọkọ̀ ò ní gbà," ó ní. "Bàbá náà ò sì ní gbà. Jọ̀ọ́, Ìbíyẹmí. Èmi nìkan ló kù nínú ọmọ mẹ́fà tó bí. Bó bá rí dúdú, á rò pé mo ti kú. O ò lè ṣe é fún un. Ẹni tó kọ́ ọ ní ìwé ni. Mo mọ̀ ọ́, o ò ní inú burúkú."

"Ohun tí o gbẹ́kẹ̀ lé nìyẹn."

"Ohun tí gbogbo wa gbẹ́kẹ̀ lé ni."

Ọkọ̀ ò yí padà. Mo jókòó sórí irin títí oòrùn fi kan àtàrí, ìlẹ̀kẹ̀ ń fún mi ní ìró atẹ́gùn, ìró igbá, ìró ẹsẹ̀. Mo mọ̀ pé màá sọ ọ́. Kí ni mo fẹ́ purọ́ sí? Ojú Bàbá ni mo ń rí, láìsí awò, tó ń fi ọwọ́ wá ògiri. Ọ̀rọ̀ náà ti wà lórí ahọ́n mi. Mo ní kí n jẹ́ kó jáde, kí n lè sunkún tán, kí n bi ẹ̀gbọ́n Ṣàánúmi bí wọ́n ṣe ń gbọ́n omi òjò.

Mo gbọ́ tí ẹnìkan kígbe lórí ọkọ̀ pé orí ilé ìṣọ́ ti ń yọ. Mo gbọ́ ohùn mìíràn, ẹ̀rù wà nínú rẹ̀: "Ọ̀gá, aṣọ ṣì dúdú o! Kò tíì sọ ọ́!"

Mo la ẹnu.

Ikúmápàyí dá onítọ̀hún lóhùn. Ó ti kúrò nídìí òpó, ohùn rẹ̀ jìnnà díẹ̀, kò mọ̀ pé mò ń gbọ́. Ara rẹ̀ balẹ̀.

"Ẹ fọkàn balẹ̀. Ó máa sọ ọ́. Bàbá ní wọ́n máa ń sọ ọ́."

Wọ́n. Mo wo ẹ̀gbọ́n Ṣàánúmi. Mo rántí ògiri Ilé Ìtàn, ibi tí àwòrán rẹ̀ wà. Kì í ṣe òun nìkan ló wà níbẹ̀. Àwòrán mẹ́rin ni, obìnrin ni gbogbo wọn, gbogbo wọn ni wọ́n ní Màlúù pa, gbogbo wọn la ń da òdòdó sómi fún. Abẹ́ wọn ni Bàbá ti fi mí jókòó, tó ń kọ́ mi ní Á, Bí, Dí.

Mo pa ẹnu mi dé. Mo gbé ọwọ́ sẹ́yìn ọrùn. Kókó méjì tí Bàbá so le gan-an, èékánná mi kán kí àkọ́kọ́ tó tú. Nígbà tí ìkejì tú, ìró atẹ́gùn àti ìró igbá dákẹ́. Mo gbé ìlẹ̀kẹ̀ náà sórí irin lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

Ẹ̀gbọ́n Ṣàánúmi bi mí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ pé, "Kí lo sọ fún wọn?"

"Mi ò sọ nǹkan kan. Ìtàn tí Bàbá fi kọ́ mi, ẹ̀gbọ́n, kò sí aṣọ nínú rẹ̀."

Ó sọ̀ kalẹ̀ lọ kó ẹrù rẹ̀ de ọkọ̀ tí ń wá òkú: ìkòkò kan, ìwọ̀ ẹja, ìwé tí iyọ̀ ti jẹ. Kò rí nǹkan tí yóò fi dì wọ́n. Mò ń sunkún Bàbá, ojú mi ò ríran dáadáa, ṣùgbọ́n mo fa ìbora ọkọ mi sọ́dọ̀, mo gbọ̀n ọ́n, mo sì fún un.